Ta Ni Yóò San Owó Tí Bánkì Yọ?

Ẹ ti mọ̀ mí mọ́ ọ̀rọ̀ àdúrà, ọmọ títọ́ àti ìrẹ́pọ̀ láàárín tọkọtaya nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ 13,500 náírà ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n oṣù méje gbáko ni ó fi há mi lọ́fun. Nígbàkigbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sì wà lórí pẹpẹ, owó yẹn ni mo máa ń rántí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọdún 2014, mo ń sìn ní ìjọ wa kan ní ìlú Jos. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Jos rí mọ̀ pé atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ìjì ṣí páànù apá kan ilé ìjọsìn wa, yìnyín sì lu ìyókù. Àwọn ìyá wa ń fi abọ́ gbe omi láàárín àga. A pe káfíńtà kan, Mùsùlùmí ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ ti tẹ̀dó sí Jos kí wọ́n tó bí i. Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ju mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ó wọn ilé, ó ṣírò igi, páànù àti ìṣó, ó ní 480,000 náírà ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́, àtowó iṣẹ́. A ná an títí, kò yí ohùn padà. A gbà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Nígbà náà, 212,000 náírà ló wà nínú àkáǹtì ìjọ. Ṣùgbọ́n arákùnrin wa kan tó ti kó lọ sí Abuja ti ṣèlérí 300,000 náírà fún òrùlé náà. Ó pè mí lọ́jọ́ Ajé, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, owó á ti wọlé." Mo fọkàn balẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ìwé sọ̀wédowó lọ bá màmá tó jẹ́ akápò ìjọ nílé wọn, nítorí àwa méjèèjì la jọ ń fọwọ́ sí i. Màmá wo ìwé, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Pásítọ̀, owó yìí ò sí ńlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká dúró di ọjọ́ Ẹtì."

Mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni."

Ẹ gbọ́ nǹkan tí mo sọ. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́! Màmá yìí ti ń ṣọ́ owó ìjọ kí èmi tó wọ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo wá fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Mo gbé ìwé náà fún Àlàájì lọ́jọ́ yẹn gan-an, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. A sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó kí mi, ó lọ.

Ọjọ́rú dé, owó Abuja kò dé. Lọ́jọ́ Bọ̀, arákùnrin wa kò gbé fóònù mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, bánkì ti dá ṣẹ́ẹ̀kì wa padà. Ó bọ́ńsì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ọjà ti máa ń sọ. Ẹni tó kọ́kọ́ pe ìwé yìí ní sọ̀wédowó fún un lórúkọ tó dára: ìwé tí a ń sọ di owó. Tèmi kò di nǹkankan. Bébà lásán ni mo fi lé àgbàlagbà lọ́wọ́.

Ká ní ibẹ̀ lọ́rọ̀ náà parí sí, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní tí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Nígbà tí Àlàájì ti gba ìwé lọ́wọ́ pásítọ̀, kò ronú pé ó lè ṣòfò. Ó san án sí bánkì rẹ̀, ó wá kọ ṣẹ́ẹ̀kì tirẹ̀, 350,000 náírà, fún ẹni tó ń ta páànù. Onípáànù náà ti bá a ṣòwò pẹ́, ó kó páànù fún un lójú ẹsẹ̀, wọ́n já a sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí tèmi bọ́ńsì, ti Àlàájì náà bọ́ńsì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wà ní ìpàdé àdúrà, ọkọ̀ akẹ́rù kan wọ ọgbà wa. Ọmọkùnrin mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó páànù padà sínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ ariwo tí páànù máa ń pa. Àwọn obìnrin dákẹ́ àdúrà, wọ́n dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wò. Àlàájì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sorí kọ́. Èmi wà nínú ọ́fíìsì. Mi ò jáde.

Ní ọjọ́ Ajé, ó wá bá mi. Ó mú ìwé tí bánkì tẹ̀ fún un wá, ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ àwọn ibi tó fẹ́ kí n wò. Kò pariwo. Ó ní, "Pásítọ̀, mo mọ̀ pé owó iṣẹ́ á wá, ìyẹn ò lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹ kàn wo èyí." Bánkì rẹ̀ yọ 2,500 náírà nítorí ṣẹ́ẹ̀kì tèmi tí wọ́n dá padà. Wọ́n yọ 5,000 náírà nítorí ṣẹ́ẹ̀kì tirẹ̀ tí kò rí owó gbé e. Bánkì onípáànù náà yọ 2,500 náírà lọ́rùn onípáànù, onípáànù sì ti gbà á lọ́wọ́ Àlàájì. Owó ọkọ̀ tó kó páànù padà jẹ́ 6,000 náírà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16,000 náírà.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá wà ní ipò mi, kí lẹ máa sọ? Èmi sọ tèmi báyìí: "Àlàájì, mo gba 2,500 àkọ́kọ́. Ṣẹ́ẹ̀kì mi ló fà á. Àmọ́ ti ìyókù, èmi kọ́ ni mo gba owó yẹn, bánkì ni. Ta ló ní kí ẹ kọ ṣẹ́ẹ̀kì lórí owó tí kò tíì wọlé? Ẹ ò kúkú sọ fún mi pé ẹ fẹ́ fi ra páànù lójú ẹsẹ̀."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Mi ò sọ fún yín?"

Mo ní, "Ẹ ò sọ."

Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi í sí àpò agbádá, ó ní, "Ó dáa, Pásítọ̀. Mo ti gbọ́." Ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, owó Abuja dé. Mo san 480,000 pé, mo fi 2,500 lé e. Àlàájì fi owó lọ́wọ́ ra páànù, ó kan òrùlé náà, ó kàn án dáadáa. Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ pé ó jò. Ṣùgbọ́n nǹkan kan yí padà. Tẹ́lẹ̀, bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ìyàwó mi á gbé omi àti oúnjẹ fún un, á jẹ, á gbàdúrà fún ilé wa. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń gbé omi tirẹ̀ wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí ìyàwó mi bá gbé omi dé, á ní, "Ẹ ṣé, ìyá, mo ti ní." Ìyàwó mi bi mí pé kí ni mo fi ṣe Àlàájì. Mo ní kò sí nǹkankan.

Oṣù méje kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo dá arábìnrin kan dúró nínú ìjọ wa tó jẹ́ lọ́yà. Mo ṣe bí ẹni tó ń bi í léèrè nítorí ẹlòmíràn. Mo ní, "Ẹnìkan kọ ṣẹ́ẹ̀kì, ó bọ́ńsì, bánkì yọ owó lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Ta ni òfin ní kó san án?"

Ó jókòó. Ó ní, "Pásítọ̀, sà, ọ̀nà méjì ni òfin gbà wo ọ̀rọ̀ yìí. Èwo lẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́, ti ẹ̀wọ̀n ni àbí ti owó?"

Àyà mi já. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ẹ̀wọ̀n.

Ó ṣàlàyé pé láti ọdún 1977 ni Nàìjíríà ti ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní Dishonoured Cheques (Offences) Act. Bí ẹnìkan bá fi ṣẹ́ẹ̀kì gba ọjà tàbí san gbèsè, tí wọ́n gbé e lọ sí bánkì láàárín oṣù mẹ́ta, tí bánkì sì dá a padà torí pé owó kò sí tàbí kò tó, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, kò sì sí àyè láti san owó ìtanràn dípò rẹ̀. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀ ló ni àkáǹtì, owó ìtanràn wà fún ẹgbẹ́ náà, òfin sì tún lè wá àwọn tó ń darí rẹ̀ kàn. Ẹni tó kọ ọ́ lè bọ́ bó bá lè fi hàn adájọ́ pé nígbà tí òun ń kọ ọ́, òun ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé owó yóò wà ńbẹ̀, òun sì gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Mo ní, "Ẹni yìí ní ìdí. Ẹnìkan ṣèlérí owó fún un lórí fóònù."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹnì kankan kìlọ̀ fún un kó tó fọwọ́ sí i?"

Ojú màmá akápò wá sí mi lọ́kàn. Mi ò dáhùn. Ó ní, "Èmi ò ní fẹ́ gbé ìdí yẹn lọ síwájú adájọ́, sà. Ìlérí kì í ṣe owó."

Ó wá mẹ́nu ba ti owó. Ó ní ẹ̀wọ̀n kì í dá kọ́bọ̀ padà sápò ẹni tó pàdánù. Ẹni tó fẹ́ gba owó rẹ̀ á gba ọ̀nà mìíràn. Òfin ìwé owó tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ṣe nílùú wọn ní 1882, sọ pé ẹni tó fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì ti ṣèlérí pé wọn yóò san án, bí wọn kò bá sì san án, òun ni yóò dí àdánù ẹni tó gbà á. Owó inú ìwé náà ni àkọ́kọ́, èlé lè tẹ̀ lé e. Ó ní, "Owó tí bánkì yọ lọ́wọ́ ẹni tó gba ìwé náà kò ṣòro. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bí ṣẹ́ẹ̀kì bá bọ́ńsì, bánkì ń yọ owó. Ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín. Bánkì kàn di ọwọ́ tó gba owó ni, òun kọ́ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀."

Mo ní, "Àmọ́ bí ẹni tó gbà á bá ti kọ tirẹ̀ fún ẹlòmíràn ńkọ́, tí ìyẹn náà bọ́ńsì?"

Ó ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn adájọ́ ti máa ń rántí ọ̀rọ̀ ọlọ́lọ kan. Ní ìlú Gloucester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ní ilé ìlọkà. Ọ̀pá irin ńlá tó ń yí ẹ̀rọ wọn kán. Wọ́n fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí Greenwich, kí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ lè wò ó rọ òmíràn. Wọ́n gbé e fún àwọn akẹ́rù. Àwọn akẹ́rù fi falẹ̀, ọ̀pá náà pẹ́ lọ́nà, ilé ìlọkà sì wà ní títì fún ọjọ́ bíi mélòó kan sí i. Àwọn olùlọkà pe akẹ́rù lẹ́jọ́ pé kí wọ́n san èrè tí àwọn pàdánù. Ní ọdún 1854, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà, Hadley v Baxendale ni wọ́n ń pè é, àwọn ilé ẹjọ́ tiwa náà ṣì ń tẹ̀ lé e dòní. Wọ́n ní ẹni tó ba àdéhùn jẹ́ yóò san àdánù tó máa ń tẹ̀lé irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Yóò sì tún san àdánù àrà ọ̀tọ̀, bí àwọn méjèèjì bá ti mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣàdéhùn. Nítorí pé akẹ́rù kò lè mọ̀ pé ilé ìlọkà náà kò ní ọ̀pá mìíràn, pé títì ni yóò wà títí ọ̀pá yóò fi dé, wọn kò dá a lẹ́bi èrè tó sọnù.

Arábìnrin náà wá wò mí. Ó ní, "Nítorí náà, sà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tí ẹni yẹn ń gba ṣẹ́ẹ̀kì, ṣé ó sọ ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe àti ìgbà tó fẹ́ lò ó?"

Ẹ̀yin ará, ibi tí mo jókòó sí gbóná. Torí lójú ẹsẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì padà wá sí mi lọ́kàn, bí ìgbà tí ènìyàn rí nǹkan tó ti tì sábẹ́ ẹní. Mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan pé a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó kí mi, ó lọ. Mi ò sọ ohun tí a sọ. Àlàájì mú ìwé náà lọ́wọ́, ó wò ó, ó ní, "Pásítọ̀, ṣé kò ní sí wàhálà níbi èyí? Torí mo fẹ́ lọ fi kó páànù kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé, kí òjò má tún bá yín." Mo fi ọwọ́ gbá a léjìká, mo ní, "Kò séwu, Àlàájì."

Ó sọ fún mi. Nítorí òjò tiwa ló ṣe ń kánjú. Èmi sì wò ó lójú, mo ní kò sọ.

Ṣé mo mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ ni? Mo ti bi ara mi léèrè léraléra. Mi ò rò pé mo pète rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí mi ò bá gbàgbé, màá san owó. Ọkàn mi sì tètè gbàgbé. Ọkàn ènìyàn gbọ́n lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà wa tún fi kún un pé ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ẹnìkan pátápátá. Ẹni tó gba ṣẹ́ẹ̀kì náà yẹ kó ṣọ́ra. Ó yẹ kó dúró kí owó wọlé tán kó tó kọ tirẹ̀, òfin kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti jẹ́ kí àdánù máa wú sí i nígbà tó lè dín in kù. Ó ní lọ́yà méjì lè jiyàn dé ọ̀la lórí owó ọkọ̀ yẹn nìkan. Mo rí i pé ó ń fún mi ní ibi tí mo lè sá gbà. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò: "Ta ló ní kí ẹ kọ ṣẹ́ẹ̀kì lórí owó tí kò tíì wọlé?" Èmi tí mo bi Àlàájì ní ìbéèrè yẹn, kí ni èmi fúnra mi ti ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Èmi gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí ará Abuja. Òun gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ pásítọ̀.

Mo tún gbìyànjú láti ti ẹrù náà sórí ará Abuja. Òun ló já wa kulẹ̀, àbí? Lóòótọ́ ni, mo sì bá a sọ ọ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé tí Àlàájì gbé lọ sí bánkì. Ọwọ́ tèmi ló wà ńbẹ̀. Ẹ rántí ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì. Nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀ fún Ónísímù, kò kàn ṣèlérí lẹ́nu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ọmọ náà bá jẹ gbèsè, kí wọ́n kà á sí òun lọ́rùn, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ọwọ́ òun ni òun fi kọ ọ́. Pọ́ọ̀lù mọ ohun tí ìfọwọ́síwèé jẹ́. Ẹ tún wo òfin inú Ẹ́kísódù orí 22. Bí ẹnìkan bá dá iná, tí iná náà ràn mọ́ ẹ̀gún, tó jó ọkà ẹlòmíràn, ẹni tó dá iná ni yóò san án. Òfin náà kò ní kí a lọ bi afẹ́fẹ́ léèrè.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú 13,500 náírà nínú owó ara mi. Mi ò mú un nínú owó ìjọ, torí ìjọ kọ́ ló kánjú. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ màmá akápò, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ dìde. Ìgbàgbọ́ dáa. Kó sáà ní owó nínú bánkì." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ni èmi náà bá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

Mo wá gba ìsọ̀ Àlàájì lọ. Ó ń ra igi lójú ẹ̀rọ. Ó pa ẹ̀rọ nígbà tó rí mi. Mo ní, "Àlàájì, ẹ sọ fún mi. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní ẹ fẹ́ kó páànù kí Jímọ̀ tó dé. Mo ní kò séwu. Èmi ni mo gbàgbé, tí mo sì sọ yín di òpùrọ́. Ẹ máa bínú." Mo nawọ́ owó sí i.

Kò gba owó náà lójú ẹsẹ̀. Ó fi aṣọ nu ọwọ́. Ó ní, "Pásítọ̀, owó yẹn kọ́ ló dùn mí. Mo ti pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ yìí. Pé ẹ ní mi ò sọ fún yín, ìyẹn ni mi ò lè gbé mì."

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ tí ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ ti bọ́ńsì, onípáànù kò fún un ní ọjà àwìn mọ́. Gbogbo iṣẹ́ tó ń gbà, owó lọ́wọ́ ló fi ń rajà, tí kò bá sì sí owó lọ́wọ́, iṣẹ́ náà á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Oṣù méje. Kò sí bánkì tó kọ ìyẹn sínú ìwé, kò sì sí ìlà tó lè fà sábẹ́ rẹ̀. Èmi ti ń fi 13,500 jẹ ara mi níyà, mi ò mọ̀ pé gbèsè náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá onípáànù."

Ó kọ́kọ́ ní rárá, ó ní ojú á ti mí. Mo ní ìyẹn gan-an ló yẹ kó ṣẹlẹ̀. A lọ. Níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, mo sọ fún onípáànù pé ṣẹ́ẹ̀kì tèmi ló bọ́ńsì, pé Àlàájì kò fi ohunkóhun ṣe é, pé bí ìbàjẹ́ bá wà lára orúkọ kan, orúkọ tèmi ni. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀. Kò ṣèlérí kankan. Ó ní òun á rò ó. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, Àlàájì sọ fún mi pé ó ti ń fún òun ní ìdajì ọjà láwìn. Ìdajì. Ibẹ̀ ló dé, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a ń bọ̀ láti ìsọ̀ onípáànù, Àlàájì yà sílé wa. Ìyàwó mi gbé omi wá. Ó mu ún.

Kí nìdí tí mo fi ń kọ èyí sí yín lónìí, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kọ ṣẹ́ẹ̀kì mọ́, tó jẹ́ pé fóònù la fi ń fi owó ránṣẹ́? Torí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò nílé wa. Àwọn kan ṣì ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì ọjọ́ iwájú sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí fún onílé. Àwọn kan ti fọwọ́ sí i pé kí bánkì máa yọ owó gbèsè lóṣooṣù. Bí ìwọ bá já oníṣòwò kulẹ̀ lọ́jọ́ tí bánkì fẹ́ yọ owó lọ́wọ́ òun náà, iná tí o dá ti ràn mọ́ oko rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ìwọ tó ń sanwó, má kọ ìwé lórí owó tó ṣì wà lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí o bá ti kọ ọ́, tí o wá rí i pé owó kò ní pé, sáré pe ẹni tó gbà á kó tó dé bánkì. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Bó bá sì ti bọ́ńsì, má ṣe mú iye tó wà lórí ìwé nìkan lọ. Bi í pé, "Kí ló ná yín?" Kí o sì fetí sí ìdáhùn dópin.

Ìwọ tó ń gbowó, sọ ohun tí o fẹ́ fi owó náà ṣe àti ọjọ́ tí o fẹ́ lò ó. Bó bá ṣeé ṣe, kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọkàn ẹni tó jẹ gbèsè máa ń gbàgbé. Dúró kí owó wọlé tán kí o tó ná an. Tọ́jú ìwé tí bánkì bá tẹ̀ fún ọ.

Òfin fa ìlà rẹ̀ síbi tí ẹni tó ṣẹ̀ lè mọ̀ dé. Ìlà náà dára, mo dúpẹ́ pé ó wà, torí òun ló jẹ́ kí n rántí. Ṣùgbọ́n ọmọnìkejì wa lè ti pàdánù kọjá ìlà yẹn, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè máa gbé omi tirẹ̀ wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí o bá rí irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti máa ń jẹun nílé rẹ tẹ́lẹ̀, má ṣe sọ fún ìyàwó rẹ pé kò sí nǹkankan. Dìde lọ bá a.

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́, kí ọwọ́ tí a fi ń fọwọ́ sí ìwé má bà á jẹ́ fún ẹlòmíràn. Àmín.